Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹni sẹ́ ògì

Ó tó oṣù kan báyìí tí ohùn kan ti ń rìn kiri lórí WhatsApp àwa òbí àti alágbàtọ́ ọmọ SS, ìyẹn àwọn ọmọ tó ní àìsàn arómọléegun, ní Abẹ́òkúta. Obìnrin ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù, kò sì kánjú. Ó ní ẹ̀rọ kan ti dé tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ SS di AA láàárín wákàtí méjì, pé kí ẹni tó bá fẹ́ tètè wá fi owó sílẹ̀ kí àyè tó kún. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ló fi ránṣẹ́ sí mi. Ohun tó kọ tẹ̀lé e ò gùn: "Àbúrò mi, ṣé òótọ́ ni àbí gbájúẹ̀?"

Òótọ́ wà níbẹ̀, gbájúẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n wé mọ́ra bí ewé ṣe ń wé mọ́ ẹ̀kọ. Ẹ̀rọ wà lóòótọ́. Mo ti jókòó tì í rí, mo sì ti rí iṣẹ́ tó ṣe lára ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n kò sọ SS di AA, kò sì lè sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ láéláé, nítorí inú iṣan ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni àìsàn náà ń gbé. Mùdùnmúdùn inú egungun ni ilé rẹ̀, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun lójoojúmọ́, ẹ̀rọ yìí ò sì dé ibẹ̀. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó kó ẹ̀jẹ̀ burúkú tó wà nílẹ̀ kúrò, kó fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni mùdùnmúdùn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú èyí tó ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Apheresis ni orúkọ iṣẹ́ náà. Lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì ni wọ́n ti yá a, ìtumọ̀ rẹ̀ ò sì ju "mímú kúrò" lọ. Ẹni tó bá ti bá ológì gbélé rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Ìyá kan ń ṣe ògì lẹ́yìnkùlé wa ní Àdátán. Bó bá ti lọ àgbàdo tán, tó sẹ́ ẹ, á gbé ike rẹ̀ kalẹ̀ di àárọ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ògì ti sìdí, omidùn ti tòrò lókè. Á rọra dẹ ike náà, á da omidùn yẹn nù, tàbí kó bù ú fún ẹni tó fẹ́ fi rẹ egbò, á wá bu omi tútù mìíràn lé e. Ògì àná náà ni, omi rẹ̀ nìkan ló yí padà.

Ẹ̀jẹ̀ náà ń sìdí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fà á sínú ìgò, tí wọ́n fi oògùn tí kò ní jẹ́ kó dì sí i, tí wọ́n gbé e kalẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ló máa pín sí. Sẹ́ẹ̀lì pupa ló wúwo jù, òun ló ń lọ sísàlẹ̀. Omi ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní plasma, á wà lókè, àwọ̀ rẹ̀ á sì jọ ti omi tí wọ́n fi se àgbàdo. Láàárín àwọn méjèèjì ni ìpele tín-ín-rín kan wà tó funfun: ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà wà, àti platelet tó ń jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ dì. Nínú bíi lítà márùn-ún ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà, omi rẹ̀ nìkan sún mọ́ lítà mẹ́ta.

Ẹ̀rọ apheresis ò ní àsìkò láti dúró di àárọ̀. Ńṣe ló ń fi ẹ̀jẹ̀ yí bírí-bírí, bí ọmọdé ṣe máa ń fi korobá omi yí lókè orí tí omi ò sì dà. Èyí tó wúwo á sá lọ sí etí, èyí tó fúyẹ́ á dúró láàárín, ẹ̀rọ á wá fa ìpele tí dókítà bá ní kó fà. Ìyókù á padà sí ara ẹni tó ni ín. Ẹ̀jẹ̀ tó máa wà níta ara lẹ́ẹ̀kan náà ò tó páìǹtì kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú ni fífọ kíndìnrín. Ìyẹn, asẹ́ ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ kọjá nínú rẹ̀, ìdọ̀tí kéékèèké àti omi tó pọ̀ lápọ̀jù ni asẹ́ náà ń mú. Kò lè mú sẹ́ẹ̀lì, kò sì lè mú èròjà ńlá bí àwọn ọmọ ogun ara (antibody) tó ti ya kúrò lójú ọ̀nà. Bí ẹnìkan bá ní kíndìnrín òun ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ apheresis kọ́ nìyẹn.

Ọgbọ́n náà ti dàgbà. Ní 1914, John Abel, Leonard Rowntree àti B. B. Turner ní Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà fa ẹ̀jẹ̀ ajá, wọ́n da omi rẹ̀ nù, wọ́n dá sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ padà sí i lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo máa ń rántí jù ni George Judson, ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ IBM. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Bàbá yìí rí bí àwọn dókítà ṣe ń fi ọwọ́ ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ ní àpò kọ̀ọ̀kan, ó ní ó yẹ kí ẹ̀rọ lè ṣe é. Òun àti dókítà Emil Freireich ní National Cancer Institute, ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, jọ dáwọ́ lé e, nígbà tó sì fi máa di àárín àwọn ọdún 1960, wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀, tó ń yà á, tó sì ń dá a padà láì dúró. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún ìyá aládìrẹ, kò béèrè bí ẹ̀rọ náà ṣe rí. Ó ní, "Ọmọ ẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ tiwa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, SS ni. Nígbà tó wà ní mẹ́tàlá, ó ń jẹ àmàlà làfún lálẹ́ ọjọ́ kan, òkèlè já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún gbé e, ó tún já bọ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé rọpárọsẹ̀ ń ṣe ọmọdé. Àṣé ó ń ṣe wọ́n: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ SS tí kò gba ìtọ́jú ìdènà, nǹkan bíi mọ́kànlá ni rọpárọsẹ̀ máa kọlù kí wọ́n tó pé ogún ọdún. Èyí tó bá sì ti kọlù lẹ́ẹ̀kan, ó ṣeé ṣe gan-an kó tún padà wá bí wọn ò bá ṣe nǹkan kan sí i.

Ohun tó ń fà á ò ṣòro láti lóye. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni AA rí roboto, ó rọ̀, ó sì lè tẹ̀ kọjá nínú iṣan tó tín-ín-rín jù ú lọ. Ti SS, bí atẹ́gùn bá dín kù nínú rẹ̀, ńṣe ló máa ń le gan-an, á ká kọ́dọ́rọ́ bíi dòjé, á wá há sójú ọ̀nà. Ibi tó bá há sí ló máa ń dun ọmọ: orúnkún, ẹ̀yìn, àyà. Ìdí tí àwọn àgbà fi ń pè é ní arómọléegun nìyẹn. Bó bá wá há sínú ọpọlọ, òkèlè á já bọ́ lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kì í tún pẹ́ láyé. Ti AA ń lo nǹkan bí ọgọ́fà ọjọ́, ti SS ò fi bẹ́ẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún lọ, ìdí sì nìyẹn tí ojú àwọn ọmọ wa fi máa ń pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò sì kún.

Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1998 ló yí ìtọ́jú àwọn ọmọ wọ̀nyí padà. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú ọpọlọ wá àwọn ọmọ tó wà nínú ewu, ìyẹn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń sáré tó 200 sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n wá ń fún apá kan nínú wọn ní ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù kí sẹ́ẹ̀lì S lè dín sí ìsàlẹ̀ ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Rọpárọsẹ̀ fi ohun tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ dín kù láàárín wọn.

Ohun tí àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún ọmọ tiwa náà nìyẹn. Lóṣooṣù ni wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ kọ́ ọ lára, ọpẹ́ ni pé ẹnu rẹ̀ padà sípò. Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà nínú gbígba ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù. Nínú páìǹtì kan, èròjà irin tó wà níbẹ̀ tó mílígíráàmù igba sí igba ó lé àádọ́ta, ara ènìyàn ò sì ní ọ̀nà tó lè gbà tu irin dànù. Á lọ kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀, sínú ọkàn. Lẹ́yìn ọdún kan àtààbọ̀, àyẹ̀wò fi hàn pé irin ti ń pọ̀ lára rẹ̀. Oògùn tó ń kó irin jáde wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ó sì máa ń da inú ọmọ náà rú. Ìgbà yẹn ni dókítà rẹ̀ kọ̀wé fún wa, ó ní ká lọ sí Èkó.

Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ ní Ládèrin, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ. Kò tíì ju aago méjìlá lọ tí ọmọ ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, abẹ́rẹ́ kan lápá ọ̀tún, òmíràn lápá òsì. Ẹ̀jẹ̀ ń ti ọ̀kan jáde, ó ń gba èkejì wọlé. Ẹ̀rọ náà ò ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ó ń kùn ṣáá bíi fíríìjì àtijọ́. Lókè, wọ́n fi páìǹtì márùn-ún kọ́, ẹ̀jẹ̀ AA, ó pọ́n fòò. Nísàlẹ̀, àpò kan ń kún díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ń jáde, ìyẹn dúdú jù ú lọ, ó sì ki. Ọmọ náà ò wo òkè, ìsàlẹ̀ ló tẹjú mọ́.

Nọ́ọ̀sì ń bi í léraléra: "Ọkọ mi, ṣé ètè ẹ ń ta ẹ́?" Nígbà àkọ́kọ́ ó ní rárá. Nígbà kẹta, ó ní ó ń ta òun bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹnu kan ata rodo. Mo ti dìde dúró, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ò mira. Ó ní oògùn tí wọ́n ń fi sí ẹ̀jẹ̀ kó má bàa dì nínú ẹ̀rọ ló ń mú kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ so mọ́ra. Ó rẹ ìyára ẹ̀rọ sílẹ̀, ó fún un ní kálísíọ̀mù, ìta náà sì lọ. Lẹ́yìn wákàtí méjì ó lé díẹ̀, ó ti parí. Sẹ́ẹ̀lì S tó pọ̀ lára rẹ̀ nígbà tí a dé ti bọ́ sí abẹ́ ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti gbígba ẹ̀jẹ̀ lásán kò ju ìyàtọ̀ kí ènìyàn máa bu omi kún ike tó ti kún àti kó kọ́kọ́ dà á kó tó bu òmíràn lọ. Níwọ̀n bí èyí tó ń jáde ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tó ń wọlé mu, irin ò ráyè kóra jọ. Ẹ̀jẹ̀ ò sì ki jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó bá kún jù lára ẹni tí S ṣì pọ̀ nínú rẹ̀ lè fa ohun tí wọ́n ń sá fún gan-an. Yàtọ̀ sí ìdènà, wọ́n ń lò ó ní pàjáwìrì: nígbà tí rọpárọsẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlu ọmọ SS, tàbí tí àyà bá dí tí mímí ò já gaara mọ́, tí gbígba ẹ̀jẹ̀ lásán ò sì tó.

SS nìkan kọ́ ló ń lo ẹ̀rọ yìí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kàn wá jù níhìn-ín. Sẹ́ẹ̀lì funfun ni wọ́n ń kó kúrò nígbà mìíràn, bí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ bá ti jẹ́ kó pọ̀ débi tó ń dí iṣan. Ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ń gbà kó èso mùdùnmúdùn, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ tuntun, láti ara ẹnìkan fún ẹlòmíràn, èyí tó lè mú SS kúrò pátápátá bí ó bá bọ́ sí i. Omi ẹ̀jẹ̀ ni ti àwọn mìíràn. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní TTP, níbi tí platelet ti ń lẹ̀ mọ́ra káàkiri inú ara. Ẹni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó bá ṣe ló ń pa tẹ́lẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀jẹ̀ wọn dànù tí wọ́n ń fi ti ẹlòmíràn rọ́pò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló ń yè. Ìwádìí kan ní Kánádà ní 1991 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé fífà á kúrò sàn ju kí wọ́n kàn máa fi kún un.

Àìsàn tí wọ́n ń pè ní Guillain-Barré ló yẹ kí n dúró lé lórí díẹ̀. Ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kú, á gòkè sí itan, á dé apá, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó lè dé ibi tí ènìyàn fi ń mí. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan ní àdúgbò, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń já sí: wọ́n ti fi nǹkan ṣe é. Ọmọ ogun ara rẹ̀ ló ń bá iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ dé ẹsẹ̀ àti apá jà, inú omi ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì wà. Bí wọ́n bá tètè fa omi yẹn kúrò, ó máa ń tètè dìde. Ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, níbi tí owó ẹ̀rọ ti ju agbára ọ̀pọ̀ lọ, àwọn dókítà ṣe ohun tí ìyá ológì wa máa mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sínú àpò, wọ́n fi àpò náà kọ́, wọ́n dúró tí sẹ́ẹ̀lì pupa fi sìdí, wọ́n da omi òkè nù, wọ́n dá sẹ́ẹ̀lì padà. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí nǹkan tó ń yí. Ènìyàn ogún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, èsì rẹ̀ jáde ní 2018, ó ṣeé ṣe, kò sì léwu ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ka èyí fún ìyá náà níwájú ike rẹ̀. Ó ní, "Àwọn náà ń sẹ́ ògì nìyẹn."

Ó wá ku ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ní gbogbo ìpàdé: kí ló dé tí kò sí ẹ̀rọ yìí ní gbogbo ilé ìwòsàn? Abẹ́òkúta kì í ṣe àlejò nínú ìwòsàn. Láti 1895 ni wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn ní Sacred Heart ní Lántòrò, òun ni ọ̀pọ̀ sì mọ̀ sí ilé ìwòsàn tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà. Owó ẹ̀rọ ga lóòótọ́. Àwọn rọ́bà àti àpò inú rẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó fún, lẹ́ẹ̀kan, ìdànù ló kàn, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń kó o wá, ìyẹn ni pé dọ́là ló ń sọ iye tó jẹ́. Ó fẹ́ iná tí kì í lọ, ó fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé e fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́la, ẹ̀jẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àgbàlagbà lè gba páìǹtì mẹ́fà sí mẹ́jọ ní ẹ̀ẹ̀kan. Ọmọ tiwa gba márùn-ún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà sì ni. Ọkùnrin tó bá fún ènìyàn lẹ́jẹ̀ lónìí, ó di oṣù mẹ́ta kó tó tún lè fún un, obìnrin di mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni márùn-ún tó wá lónìí ò lè wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A nílò mẹ́wàá ó kéré tán, bó bá jẹ́ ọkùnrin ni gbogbo wọn, kí wọ́n lè máa gbà á fún ara wọn, kó sì jẹ́ pé àìsàn kankan ò ní mú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ AA. Nàìjíríà nìyí, níbi tí ẹnìkan nínú mẹ́rin ti jẹ́ AS. Ẹ̀jẹ̀ AS dára fún ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí S náà la fẹ́ kó kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò fún HIV, fún hẹpatáítìsì B àti C, fún àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní syphilis. Nígbà àkọ́kọ́, ẹni mọ́kànlá ni mo kó lọ. Mẹ́rin jẹ́ AS, ọ̀kan ní hẹpatáítìsì B láì mọ̀, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ lé ọ̀kan sá. Márùn-ún tó kù ni wọ́n fi ṣe é.

Òfin tó dá National Blood Service Commission sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ti wà láti 2021, ìlànà wọn sì ni pé kí àwọn ènìyàn máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí aláìsàn tó dé. Ohun tí a ṣì ń ṣe jù ni pé aláìsàn á dé tán, ẹbí á wá máa sáré kiri. Àwọn kan tún ń dúró nítòsí ilé ìwòsàn tí wọ́n ń ta tiwọn. Mi ò lè dá òbí tó rà á lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á lóṣooṣù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ṣàn bí omi, ó sì ṣòro kó sọ òótọ́ bí wọ́n bá béèrè àìsàn tó ń ṣe é.

Fún ẹni tí kò lè dé Èkó, ọ̀nà ò dí. Pàṣípààrọ̀ yìí ṣeé fi ọwọ́ ṣe: wọ́n á fa páìǹtì kan jáde, wọ́n á fi omi iyọ̀ dí i, wọ́n á gbé ẹ̀jẹ̀ AA kọ́, wọ́n á tún fa. Ó ń pẹ́, ó sì ń fẹ́ ojú tó mọ́, ṣùgbọ́n kò nílò ẹ̀rọ. Kó tó di ìyẹn pàápàá, hydroxyurea wà, kápúsù tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ látìgbàdégbà. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ tó wà nínú ewu rọpárọsẹ̀ ní Kano àti Kaduna, èyí tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022, rọpárọsẹ̀ ò pọ̀ láàárín wọn bó ṣe máa ń pọ̀ láàárín àwọn tí kò gba nǹkan kan, ìbáà jẹ́ oògùn kékeré ni wọ́n fún wọn. Ẹ béèrè àyẹ̀wò ọpọlọ yẹn, èyí tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré, fún ọmọ yín láti ọmọ ọdún méjì. Kò ní abẹ́rẹ́, kì í dunni, ó sì yàtọ̀ gédégédé sí "fífọ ẹ̀jẹ̀" tí wọ́n ń kéde nínú ọkọ̀ ní Láfẹ́nwá, tí wọ́n ń rọ sínú ìgò.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ìyá aládìrẹ, kì í ṣe bó ṣe gùn tó báyìí. Ó pè mí padà, ó ní òun ti pa ohùn yẹn rẹ́, pé nọ́ńbà tí wọ́n ní kí ènìyàn sanwó sí gan-an ò wọlé mọ́. Ó wá béèrè ìgbà tí ti ọmọ wa tún kàn. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ó ní òun ní àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tó ń bá òun pa aró, wọ́n lágbára, kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kí wọ́n tó lọ Jímọ́ọ̀. Mo bi í bóyá wọ́n mọ genotype wọn.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn ni wọn ò tíì sọ fún mi."